Fridtjof Nansen: Ọ̀dọ́mọkùnrin Tí Ó Fi Ẹ̀bùn Rẹ̀ Sílẹ̀

Ní ilẹ̀ Yorùbá, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ń rọ̀ tí yìnyín bá ń bọ́ lórí páànù, tọmọdé tàgbà ni í máa sáré ṣà á. Kí a tó fi í sẹ́nu, ìdajì rẹ̀ ti yọ́ mọ́ni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kan ń bẹ ní ìhà àríwá Yúróòpù tí a ń pè ní Nọ́wè. Ní ilẹ̀ náà, bí ọdún bá ti ń lọ sópin, òjò kì í rọ̀ ní omi mọ́ lórí àwọn òkè. Ńṣe ni í máa dì kí ó tó balẹ̀, tí yóò sì máa já bọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Òjò dídì yìí yóò bo oko, yóò bo ọ̀nà, yóò bo òrùlé ilé, kò sì ní yọ́ títí ìgbà òtútù yóò fi kọjá. Ẹni tí ó bá fi bàtà lásán wọ inú rẹ̀ yóò rì dé orúnkún, nígbà mìíràn yóò rì dé ìbàdí.

Nítorí èyí ni àwọn baba ńlá àwọn ará Nọ́wè ṣe dá ọgbọ́n síkì. Síkì ni pákó méjì tí ó gùn, tí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, tí orí rẹ̀ tẹ̀ sókè bí imú ọkọ̀ ọ̀sà. Láyé àtijọ́, igi ni wọ́n fi í gbẹ́ ẹ. Wọn a fi ọ̀dà kun ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi má baà wọ inú igi náà, wọn a sì so ó mọ́ bàtà, ọ̀kan ní ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọ̀kan ní ẹsẹ̀ òsì. Gígùn pákó yìí ni kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ rì. Ní ilẹ̀ títẹ́jú, ẹni tí ó wọ̀ ọ́ yóò máa ti ẹsẹ̀ kan síwájú tẹ̀lé èkejì, yóò máa yọ̀ lọ. Bí ó bá dé ẹsẹ̀ òkè, yóò máa fi ẹ̀gbẹ́ gùn ún díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá sì dé orí rẹ̀, yóò sọ̀ kalẹ̀ ní ìhà kejì bí ọfà tí ó kúrò nínú ọrun. Gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ etí ọ̀sà ti í kọ́ ọkọ̀ wíwà kí wọ́n tó mọ ìwé kà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ Nọ́wè ti í kọ́ síkì. Ìtàn ọ̀kan nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a ó kà yìí.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹwàá ọdún 1861 ni a bí Fridtjof Nansen ní oko kan tí a ń pè ní Store Frøen, lẹ́bàá Christiania, olú-ìlú Nọ́wè, tí a tún sọ ní Oslo ní ọdún 1925. Amòfin ni Baldur Nansen, baba rẹ̀. Ẹni tí ó le ni, olóòótọ́ ni, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí ṣeré. Adelaide, ìyá rẹ̀, jẹ́ ọmọ ọlọ́lá, ṣùgbọ́n kì í ṣe obìnrin tí í jókòó gẹlẹtẹ sílé. Ní ìgbà ayé rẹ̀, àwọn ènìyàn gbà pé síkì kì í ṣe eré tí ó yẹ abo. Adelaide kò ka ọ̀rọ̀ wọn sí, ó ń ṣe eré rẹ̀ lọ. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ lágbára lára, kí wọ́n má sì bẹ̀rù afẹ́fẹ́, omi tàbí òtútù. Ẹ kò rí i pé ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde? Nansen kò ju ọmọ ọdún 2 lọ nígbà tí ó kọ́kọ́ wọ síkì tí wọ́n ṣe fún un nílé.

Ní Huseby, tí kò jìnnà sí ilé wọn, òkè kan wà níbi tí àwọn àgbà eléré síkì ti í fò. Wọn a mọ òkìtì kan sí ìdagẹ̀rẹ̀ òkè náà. Ẹni tí yóò fò a sáré sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Bí ó bá ti dé orí òkìtì yìí, a fò sókè bí ẹyẹ, a sì tún fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Àwọn òbí Nansen kò fẹ́ kí ó dán an wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọmọ ọdún 10, ó ṣe àìgbọràn, ó sì fò. Nígbà tí yóò balẹ̀, orí síkì rẹ̀ wọ inú òjò dídì ṣinṣin, síkì dúró, ṣùgbọ́n ọmọ kò dúró. Ó ta takìtì lójú òfuurufú, ó sì fi orí sọlẹ̀ títí ó fi rì dé ìbàdí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń wòran rò pé ọrùn rẹ̀ ti ṣẹ́. Ojú gbogbo wọn pọ́n. Bí wọ́n ti rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì, ẹ̀rín ni gbogbo wọ́n bú sí. Ẹ̀rín yìí dùn ún ju ìṣubú náà lọ, ṣùgbọ́n kò lé e kúrò lórí òkè.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ó yẹ kí ẹ mọ̀ bí ọmọ yìí ṣe ń múra sílẹ̀ de ìgbà òtútù lọ́dọọdún. Kì í ṣe ọjọ́ tí òjò dídì bá bọ́ ni í tó bẹ̀rẹ̀. Ní ìgbà oòrùn, a máa lúwẹ̀ẹ́, a máa pẹja nínú odò. Nígbà tí ewé bá ń rẹ̀, a máa ṣọdẹ nínú igbó Nordmarka, igbó ńlá tí ó wà lẹ́yìn ìlú Christiania. Nígbà mìíràn a lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú igbó náà pẹ̀lú oúnjẹ díẹ̀, tí yóò máa sùn sí abẹ́ igi, tí yóò máa yan ẹja tí ó bá pa jẹ. Òkè gígùn, àfonífojì sísọ̀, ẹrù rírù: ìwọ̀nyí ni ó fi ń sọ itan àti àyà rẹ̀ di alágbára. Nítorí náà, ní òwúrọ̀ tí òjò dídì àkọ́kọ́ bá bo ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti múra tán kí síkì tó kàn án. Kò sì sí àyè fún ìmẹ́lẹ́, nítorí pé ní oṣù kejìlá, oòrùn kì í là ní Christiania kí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ tó kọjá, kò sì ní pẹ́ kọjá aago mẹ́ta ọ̀sán kí ó tó wọ̀. Títí di òní olónìí, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọ̀dọ́ eléré síkì í ṣe. Nígbà tí kò sí òjò dídì nílẹ̀, wọn a máa sáré lórí òkè, wọn a sì máa wọ síkì kúkúrú tí ó ní ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ rìn lójú títì. Bí ìgbà òtútù bá sì ń bọ̀, wọn a rin ìrìn àjò lọ sí ibikíbi tí òjò dídì bá ti kọ́kọ́ bọ́, kí ọjọ́ ìdíje àkọ́kọ́ tó pé. Bí ogún ẹni bá dá ni lójú, ẹ̀ṣọ́ là á ṣe. Bí ìdíje sì dá ni lójú, ìmúra là á ṣe.

Ní ìgbà oòrùn ọdún 1877, ìbànújẹ́ ńlá wọ ilé wọn. Adelaide kú lójijì. Nansen kò tíì pé ọmọ ọdún 16. Ọkàn baba rẹ̀ gbọgbẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ta oko Store Frøen, tí ó sì kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì lọ sí àárín ìlú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni irú ọ̀fọ̀ báyìí í sọ di ìsáǹsá. Nansen kò ṣìnà. Ó ń bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ, ó sì ń bá síkì àti bàtà onírin tí a fi í sáré lórí omi dídì lọ. Mo fẹ́ kí ẹ mọ òtítọ́: ní ilé-ẹ̀kọ́, kì í ṣe òun ni ó mọ ìwé jù, nítorí pé eré àti igbó a máa gba ìgbà rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àkókò tó, ó jókòó ti ìwé gẹ́gẹ́ bí ó ti ń jókòó ti síkì, ó yege nínú ìdánwò àbáwọlé yunifásítì ní ọdún 1880, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìmọ̀ nípa àwọn ẹranko.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí i ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ tí mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé lójú mi, òun ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí ó padà gbé ṣe. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Christiania, agbègbè olókè kan wà tí a ń pè ní Telemark. Àgbẹ̀ tí kò ní lọ́wọ́ ni ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn ibẹ̀. Ní ọdún 1868, ọkùnrin kan láti ibẹ̀, Sondre Norheim ará Morgedal, tí ó ti pé ọmọ ọdún 42, rin ìrìn nǹkan bí ibùsọ̀ 125 wá sí Christiania láti bá wọn díje, ó sì borí gbogbo àwọn ọ̀dọ́ ìlú ńlá. Ẹ̀ka igi rírọ̀ tí a lọ́ ni ó fi yí gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ ká, kí síkì má baà bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ó bá ń fò tàbí tí ó bá ń yí padà. Àwọn ará ìlú ńlá, ní tiwọn, a máa di ọ̀pá gbọọrọ kan mú. Bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, wọn a fi ara ti ọ̀pá náà, wọn a sì máa fi í dá eré dúró. Àwọn ará Telemark kò fi ara ti ọ̀pá kankan. Wọn a tẹ orúnkún díẹ̀, wọn a ti ẹsẹ̀ kan síwájú, wọn a sì gbẹ́kẹ̀ lé agbára iṣan ara àti ìwọ̀ntúnwọ̀nsì wọn nìkan.

Ní ọjọ́ kan, Nansen, ọmọ amòfin, kópa nínú ìdíje síkì, ó sì gba ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà gan-an ni ó kọ́kọ́ fi ojú ara rẹ̀ rí àwọn àgbẹ̀ Telemark bí wọ́n ti ń fò. Ó dúró, ó ń wò wọ́n. Ó rí i pé ohun tí òun ti ń pè ní síkì láti ọjọ́ yìí wá, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Wọ́n fi ẹ̀bùn fún un. Kò mú un lọ sílé. Ó pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun kò ní gba ẹ̀bùn kan títí òun yóò fi mọ ọ̀nà tí àwọn ará Telemark mọ̀.

Àwọn kan yóò wí pé ìwà òmùgọ̀ ni ó hù. Ta ni í rí oúnjẹ lójú ọ̀nà tí í fi í sílẹ̀? Àwọn mìíràn yóò wí pé ìgbéraga ni. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Agbéraga ni ì bá gba ẹ̀bùn, tí ì bá gbé e há ara ògiri, tí ì bá sì máa fi ṣe fọ́ńté pé àwọn ará oko kò ju òun lọ. Nansen mọ̀ pé àwọn adájọ́ fún òun ní ẹ̀bùn, ṣùgbọ́n ó tún mọ̀ pé ẹ̀bùn kì í ṣe ìmọ̀. Kò tijú láti gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé òun, ọmọ olú-ìlú tí ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ní ohun tí òun lè kọ́ lọ́dọ̀ àgbẹ̀. Ó padà sí orí òkè, ó pa ọ̀pá tì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú bí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn, títí ara rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ó yá, ó di ọ̀kan nínú àwọn eléré síkì tí wọ́n lórúkọ jù ní orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Ní ọdún 1882, ó bá ọkọ̀ apẹran-òkun kan tí a ń pè ní Viking lọ sí òkun òtútù fún nǹkan bí oṣù márùn-ún, kí ó lè kọ́ nípa àwọn ẹranko ibẹ̀. Omi dídì há ọkọ̀ náà mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, láti ibẹ̀ ni ó sì ti ń rí etíkun Greenland lọ́ọ̀ọ́kán, erékùṣù ńlá tí yìnyín bò, tí ẹnikẹ́ni kò tíì là já láti etí kan dé èkejì. Nígbà tí ó dé, wọ́n fún un ní iṣẹ́ ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní ìlú Bergen, ní etíkun ìwọ̀-oòrùn. Iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n Bergen jẹ́ ìlú tí òjò olómi í máa rọ̀ ṣáá, òjò dídì ibẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ní gbogbo ọjọ́ ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ń ro òkè tí ó fi sílẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1884, ìdíje ńlá ti Huseby ń bọ̀ ní Christiania. Gbogbo ẹ̀yìn Nọ́wè, òkè gíga àti aṣálẹ̀ òjò dídì, ni ó wà láàárín Bergen àti olú-ìlú. Ọ̀nà rélùwéè tí ó so ìlú méjèèjì pọ̀ kò parí títí di ọdún 1909. Ní àkókò Nansen, Voss nìkan ni rélùwéè dé láti Bergen. Ẹlòmíràn ì bá gbàgbé ìdíje náà. Nansen wọ rélùwéè dé Voss, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ síkì rẹ̀, ó sì kọjú sí àwọn òkè. Ó la àfonífojì kọjá, ó gun òkè, ó sùn ní ilé àwọn àgbẹ̀, títí ó fi dé Christiania tí ó sì kópa nínú ìdíje náà.

Ìpadàbọ̀ rẹ̀ ni ó le jù. Ó yàn láti gba orí òkè gíga kan tí ó wà lókè Voss, ọ̀nà tí àwọn àgbẹ̀ ẹsẹ̀ òkè pàápàá kì í gbà ní ìgbà òtútù. Òun àti ajá rẹ̀ nìkan ni. Ilẹ̀ ṣú mọ́ wọn lórí òkè náà, ó sì ṣìnà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n a máa rìn kiri nínú òkùnkùn títí yóò fi já sí ọ̀gbun. Nansen kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbẹ́ ihò sínú òjò dídì, òun àti ajá náà wọ inú rẹ̀, wọ́n dúró de ìmọ́lẹ̀. Nígbà tí ojú ọjọ́ là, ó tún wọ síkì rẹ̀, ó sì délé láyọ̀. Nígbà yìí ni ó rí i dájú pé ẹni tí ó mọ síkì tí ó sì mọ sùúrù lè kọjá níbi tí ẹsẹ̀ lásán kò lè kọjá.

Èrò kan ti wà lọ́kàn rẹ̀ ṣáájú ìrìn àjò yìí. Ní ọdún 1883, arìnrìn-àjò ará Súwídìn kan, Nordenskiöld, padà dé láti Greenland. Ó mú àwọn Sámì méjì lọ́wọ́ lọ síbẹ̀, ẹ̀yà tí ń gbé ní ìhà àríwá pátápátá, tí ń sin ẹran tí ó jọ àgbọ̀nrín. Àwọn méjèèjì wí pé àwọn fi síkì rin nǹkan bí ibùsọ̀ 286 lórí yìnyín Greenland, àlọ àti àbọ̀, láàárín wákàtí 57. Ọ̀pọ̀ ènìyàn pè wọ́n ní òpùrọ́. Nítorí náà, ní oṣù kẹrin ọdún 1884, Nordenskiöld ṣe ètò ìdíje kan ní Jokkmokk ní ilẹ̀ Súwídìn, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ibùsọ̀ 137. Pavva Lars Tuorda, ọ̀kan nínú àwọn Sámì méjì náà, ni ó ṣe ipò kìíní. Wákàtí 21 àti ìṣẹ́jú 22 péré ni ó lò. Bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe gba ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Nansen kò bá àwọn ènìyàn ṣe iyèméjì. Nígbà tí ó gbọ́ ìròyìn àwọn Sámì yìí, ó sọ ọ́ lọ́kàn pé síkì ni a ó fi la Greenland já.

Ó lo ọdún mélòó kan láti múra. Àwọn tí wọ́n gbìyànjú ṣáájú rẹ̀ gba ìhà ìwọ̀-oòrùn wọlé, níbi tí ìlú wà, kí wọ́n lè rí ibi padà sí. Nansen fẹ́ gba ìhà ìlà-oòrùn níbi tí kò sí ìlú, kí ó má baà sí ọ̀nà mìíràn ju iwájú lọ. Àwọn ènìyàn wí pé wèrè ni. Ìjọba Nọ́wè kò fún un ní owó tí ó bèèrè. Ará Denmark kan tí ń jẹ́ Augustin Gamél ni ó san án. Ọkùnrin márùn-ún ni Nansen mú. Mẹ́ta jẹ́ ará Nọ́wè: Otto Sverdrup, Oluf Dietrichson àti Kristian Trana. Méjì yòókù jẹ́ Sámì: Samuel Balto, ọ̀dọ́mọkùnrin, àti Ole Ravna, tí ó jẹ́ àgbà gbogbo wọn. Ẹ kíyè sí i pé kò gbàgbé ẹni tí ó ní ìmọ̀.

Ní oṣù keje ọdún 1888, wọ́n kúrò nínú ọkọ̀ Jason, wọ́n wọ ọkọ̀ kékeré méjì. Omi dídì tí ń ṣàn gbé wọn lọ sí gúúsù fún ọjọ́ 12, wọ́n sì ní láti tún tu ọkọ̀ padà sí àríwá kí wọ́n tó lè bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, wọ́n kọjú sí òkè yìnyín. Ẹrù wọn wà nínú ọkọ̀ afàlọ márùn-ún, irú èyí tí kò ní ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, tí í máa yọ̀ lórí òjò dídì. Kò sí ajá, kò sí ẹṣin. Àwọn tìkara wọn ni wọ́n fà á. Ní ọjọ́ 26 oṣù náà, Nansen rí i pé wọn kò ní bá ọkọ̀ ìkẹyìn ní ìlú tí wọ́n fojú sùn. Ó yí ọ̀nà padà sí Godthaab, tí a ń pè ní Nuuk lónìí, nítorí pé ó súnmọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ilẹ̀ tẹ́jú tó fún síkì, wọ́n sì wọ̀ ọ́.

Wọ́n gun ibi tí ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 8,900 lọ. Ní òru, òtútù dé ìwọ̀n 45 nísàlẹ̀ òdo, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n òdo yìí ni omi ti í dì. Òjò dídì yí wọn ká lọ bí ojú ti lè rí i mọ, síbẹ̀ òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, nítorí pé iná tí wọn yóò fi yọ́ ọ kò pọ̀. Ìgò pẹlẹbẹ ni wọ́n ń há mọ́ àyà lábẹ́ aṣọ, kí ooru ara lè yọ́ òjò dídì inú rẹ̀. Ẹran gbígbẹ tí wọ́n rà kò ní ọ̀rá nínú, bẹ́ẹ̀ ọ̀rá ni ara ń fẹ́ nínú òtútù. Ọkàn gbogbo wọn ń fà sí bọ́tà ju ohunkóhun lọ. Nansen kò yẹ ẹran náà wò dáadáa kí ó tó kúrò nílé, gbogbo wọn ni ó sì jìyà rẹ̀. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí ẹ̀yìn wọn, wọn a so àwọn ọkọ̀ afàlọ pọ̀, wọn a ta aṣọ àgọ́ bí ìgbòkun, wọn a sì máa fi síkì yọ̀ tẹ̀lé e. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Sverdrup fi aṣọ àgọ́ àti ẹ̀ka igi kan ọkọ̀ kékeré kan, òun àti Nansen sì fi í tu omi lọ. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá ọdún 1888, wọ́n dé Godthaab. Ènìyàn ti la Greenland já fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní ìlú náà ni Nansen ti gbọ́ pé yunifásítì ti fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé fún iṣẹ́ ìwádìí tí ó gbèjà rẹ̀ ní oṣù kẹrin, ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó gbéra.

Ọkọ̀ ti lọ. Wọ́n ní láti dúró títí ọdún kejì. Ẹ wo ohun tí akọni yìí fi àkókò náà ṣe. Kò jókòó kí wọ́n máa yìn ín. Ó tọ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Greenland lọ, ó kọ́ bí a ti í wa ọkọ̀ awọ wọn, bí a ti í ṣọdẹ, àti bí a ti í wọṣọ nínú òtútù. Ó tún di ọmọ iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti dà nígbà tí ó rí àwọn àgbẹ̀ Telemark. Nígbà tí ó padà dé Christiania ní oṣù karùn-ún ọdún 1889, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn ni ó tú jáde láti pàdé rẹ̀. Ìwé tí ó kọ nípa ìrìn náà, tí ó jáde ní ọdún 1890, mú kí àwọn ará ilẹ̀ Yúróòpù mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ síkì.

Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn èyí pọ̀ ju ohun tí a lè sọ tán níhìn-ín. Ní ọdún 1893, ó mú ọkọ̀ Fram lọ sínú omi dídì òkun àríwá. Ní ọdún 1895, òun àti Hjalmar Johansen fi ọkọ̀ náà sílẹ̀, wọ́n fi síkì àti ọkọ̀ afàlọ tí ajá ń fà dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé rí ní ìhà àríwá ayé. Ìmọ̀ tí ó rí gbà ní Greenland ni ó sì gbé wọn là, tí wọ́n fi padà dé ilé láàyè ní ọdún 1896. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè pè é, ó sì ṣe ètò bí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun tí ó ju 400,000 lọ ṣe padà sí ilé wọn. Àwọn tí ogun ti sọ di aláìnílùú, tí ìjọba kankan kò fún ní ìwé, ó bá wọn ṣe ìwé ìrìnnà tí a fi orúkọ rẹ̀ pè. Ní ọdún 1922, wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Nobel fún Àlàáfíà. Ẹ̀bùn yìí kò fi sílẹ̀. Ó gbà á, ó sì ná owó rẹ̀ lórí iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́.

Nansen kú ní ilé rẹ̀ ní Lysaker ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 1930, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 68. Ọjọ́ 17 oṣù náà, tí í ṣe ọjọ́ ọdún orílẹ̀-èdè Nọ́wè, ni wọ́n sin ín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ó lè má sí ẹni kan nínú yín tí yóò wọ síkì láéláé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kì yóò gba ẹ̀bùn kan rí, ìbáà ṣe ti ìwé, ìbáà ṣe ti eré ìje, ìbáà ṣe ìyìn ẹnu lásán. Ní ọjọ́ náà, ẹ rántí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó dúró lẹ́sẹ̀ òkè, tí ó rí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ju òun lọ, tí kò bú u, tí kò sì ṣe ìlara rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó fi ẹ̀bùn sílẹ̀ kí ó lè lọ kọ́ṣẹ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ọgbọ́n àgbẹ̀, ọgbọ́n Sámì àti ọgbọ́n ará Greenland ni Nansen kó jọ, òun ni ó fi là níbi tí ẹlòmíràn ì bá ti ṣègbé.